Àtẹ́lẹwọ́ Ṣáájú Òòyà: Sí Àbẹ̀kẹ́, Nítorí Irun Tanímọ̀la

Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́,

Bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, jókòó kí o tó kà á. Bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ lo ti ń bọ̀, kọ́kọ́ jẹun ná. Ara wa le níbí. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbà fún un láti rìn dé ọjà Akẹ̀sán, èmi náà ń jẹun, mo sì ń sùn. Ọ̀rọ̀ àìsàn kọ́ ló gbé mi dé ìdí ìwé, nítorí náà fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá ni.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ní ajá ò gbọdọ̀ wọ ilé òun ló wá jókòó tó ń kọ̀wé gígùn nítorí ajá. Rẹ́rìn-ín tán, kí o wá máa kà á lọ.

Ní Àtàláátà tí o pè mí, o ní irun Tanímọ̀la, ajá rẹ, ti dì láti ìgbà tí o ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. O ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun tí o bẹ̀rẹ̀ kò jẹ́ kí o ráyè, pé nígbà tí o gbìyànjú láti ya irun náà, ó gé ọ jẹ lọ́wọ́, àti pé ìyá onílé rẹ ń ráhùn pé òórùn rẹ̀ ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ní bàbá olóko kan láti Ìkòyí-Ilé máa wá mú un lọ́jọ́ Àìkú, kó lè máa ṣọ́ iṣu lóko. O wá fi gbólóhùn kan tì í: “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ajá ṣáà ni.” Ó dùn mí. Mo fẹ́ fèsì, ahọ́n mi lọ́ pọ̀, o ní wọ́n ń pè ọ́ ní wọ́ọ̀dù, fóònù sì kú. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Fóònù kì í ní sùúrù fún àgbà tó ń wá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bírò máa ń dúró dè mí.

Mi ò bá ọ jà o. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ “ajá ṣáà ni” nínú ilé yìí. Rántí ọjọ́ tí o gbé e dé nínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹni tí o ń tọ́jú nílé rẹ̀ nígbà tí o ṣì ń kọ́ṣẹ́, ló fi ajá náà lé ọ lọ́wọ́ kó tó kú, o sì ṣèlérí fún un lórí ìbùsùn pé ajá náà ò ní jìyà. Mo wo ajá tí kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, irun rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ yíká, ojú ò hàn, ẹsẹ̀ ò hàn. Mo bi ọ́ pé, “Èwo ni iwájú ẹ̀?” Èmi ni mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, bí àwọn baba wa ṣe máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ. Nínú ọkàn mi, mo rò pé kò lè pẹ́ láyé.

O rántí bí mo ṣe ń sá fún un. Bí imú rẹ̀ bá kan etí ṣòkòtò mi, màá lọ fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe kọ́ wa. Ìyá rẹ máa ń ní iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé tí mo bá ń bá a lọ báyìí, a máa tó dé ìpìlẹ̀ ilé.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ajá, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ènìyàn, torí orí ènìyàn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ìlú tí o wà yẹn ni mo ti di onígbàjámọ̀, lọ́dọ̀ Màlámù kan ní Sábó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, ara mi ń yá gágá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọwọ́ mi yá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ méje kan wá fún fífá orí. Màlámù ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé àwọn ènìyàn ń wò mí, mo bá sáré, mo sì fi abẹ gé ọmọ náà lẹ́yìn etí. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n igbe tí ọmọ yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní.

Màlámù ò nà mí. Ó gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé àárín orí ọmọ náà, ní àwùjẹ̀, níbi rírọ̀ tí eegun ò tíì pàdé. Ó ní, “Dúró.” Mo dúró. Mo wá gbọ́ nǹkan kan tó ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, láìsinmi. Ọmọ náà dákẹ́. Màlámù ní, “Ẹ̀mí nìyẹn. Ìwọ rò pé irun lò ń fá?” Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbé abẹ sórí ẹnikẹ́ni rí láìkọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyẹn. O délé láti iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ọ́, inú ń bí ọ, o wá fi apá kan di ajá mú, o fi òòyà bọ inú ìdì irun, o fà á ya. Èmi náà ì bá gé ọ jẹ, ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín mi ò tó ti Tanímọ̀la mọ́. Gbé òòyà sílẹ̀ ná. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, kí o sì dúró títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Bí tìrẹ kò bá tíì rọlẹ̀, tirẹ̀ kò ní rọlẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Èkejì, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà yẹn.

Nígbà tí o lọ fún oṣù mẹ́ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkẹyìn, o fi Tanímọ̀la sílẹ̀ fún wa, o ní kí n máa ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni mo fi ń ti abọ́ oúnjẹ sí i, kí itọ́ rẹ̀ má baà kàn mí. Kò pẹ́ tí irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra lẹ́yìn etí, lábẹ́ apá àti lọ́rùn. Ìyá Sẹ̀mí, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ pariwo lórí ògiri: “Háà! Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ajá yín ti di dàda o!”

O mọ bí a ṣe ń ṣe dàda níbí. Ọmọ tí irun orí rẹ̀ ta kókó láti inú wá, òòyà kì í kàn án. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ gé e, á se ẹ̀wà, á pe àwọn ọmọdé jọ, wọn á jẹ, wọn á ṣeré, kí onígbàjámọ̀ tó gbé abẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti fá orí dàda láyé mi, àyà mi sì já lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Sẹ̀mí pariwo, kàkà kí n wo ara ajá, àṣà ni mo wò. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irun rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kí i ní “Dàda awúrúlà,” wọ́n ń gbé ẹ̀wà wá fún un nínú ewé. Inú mi ń dùn. Bí àwọn ajá ńlá ojú títì bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, màá mú ọ̀pá, màá ní, “Dàda ò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú.” Ṣé o rí i pé èmi àgbàlagbà yìí ti sọ ara mi di àbúrò ajá.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo ní omi ló fẹ́. Mo rì í sínú báàfù pẹ̀lú gbogbo ìdì irun yẹn lára rẹ̀, mo da ọṣẹ dúdú sí i, mo sì fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Gbọ́ eléyìí dáadáa, nítorí bóyá ohun tí ìwọ náà ti ṣe nìyẹn: irun tó ti dì, bí omi bá kàn án, tó bá wá gbẹ, ṣe ló máa fún pọ̀ bí okùn tí òjò pa. Ọrinrin á há sí abẹ́ rẹ̀, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Tanímọ̀la ò jẹun mọ́. Ẹ̀wà àwọn ọmọ gbẹ sínú ewé. Ó kàn ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, eṣinṣin ń yí i ká.

Ìyá rẹ ló là mí lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo ajá náà tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Ó ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, dàda tí Ọlọ́run dá kì í rùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Irun ló so apá ẹ̀ mọ́ àyà. Odidi onígbàjámọ̀, ẹ ò rí i?”

Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé irun ènìyàn jáde, mo sì wọ ọ̀rá sí ọwọ́ méjèèjì nítorí itọ́. Ìyá rẹ rí mi, ó ṣe bí ẹni pé òun ò rí mi. Mo di ìdì irun abẹ́ apá mú, mo fà á sókè, mo gé e. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí a bá fa ìdì irun, awọ máa ń bá a gòkè. Mo gé irun, mo sì gé awọ mọ́ ọn. Tanímọ̀la ké. Ó yí orí padà sí ọwọ́ mi, mo di ojú, mo ń retí eyín.

Ó lá ọwọ́ mi. Lórí ọ̀rá yẹn, ó lá a.

Mo bọ́ ọ̀rá náà jù sílẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lásán lé àyà rẹ̀, lábẹ́ gbogbo ìdọ̀tí yẹn, mo sì dúró, bí Màlámù ṣe kọ́ mi. Mo gbọ́ ọ. Ohun tó ń lù lórí ọmọ ọjọ́ méje ní Sábó náà ló ń lù níbẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó kàn yára jù ú lọ ni. Láti ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń gbọ́ nǹkan yẹn lórí ọmọ ènìyàn, mi ò rò ó rí pé Ọba tó fi í síbẹ̀ fi irú rẹ̀ sínú nǹkan tí mò ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ bọ́.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Páúdà àti àdín àgbọn ni mo lò, mo ń fi ìka tú ìdì náà díẹ̀díẹ̀, mo ń gé èyí tí kò bá tú, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà lọ́sàn-án. Ojú ni mo fi parí rẹ̀. Nígbà tí mo ká irun iwájú orí kúrò, mo rí ojú Tanímọ̀la fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́ kedere, èmi ló sì ń wò. Ó ti ń wò mí látọjọ́ yìí, èmi ni mi ò rí i.

Ó tún lá ọwọ́ mi, ọwọ́ lásán lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ nínú ọkàn mi rárá. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá ni mo tó rántí, mo sì sáré lọ bá Àfáà. Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ṣé ẹ ti fọ ọwọ́ náà báyìí?” Mo ní mo ti fọ̀ ọ́. Ó ní, “Ẹ lọ kírun yín, Bàbá. Aláàánú ni Ọba tó dá a.” Nígbà tí o wá dé, tí o bi mí pé ta ló gé irun ajá rẹ kúrú báyìí, mo ní ooru ló mú un. Irọ́ ni mo pa. Dárí jì mí.

Ó yá, gba iṣẹ́ náà lẹ́nu mi. Nínú ọ̀rá tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, wàá rí òòyà méjì, èyí tí eyín rẹ̀ fẹ̀ àti èyí tí eyín rẹ̀ há, àlùmọ́gàjí kékeré, páúdà ọmọdé, àdín àgbọn, àti rọ́bà irun tí ìyá rẹ fi kún un.

Má fi omi kan irun tí o kò tíì yà. Kọ èyí sára ògiri. Mú irun náà ní ìpín kékeré, bí ẹni fẹ́ dirun. Láti ṣónṣó rẹ̀ níta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa bọ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi awọ, kí o sì fi ìka di gbòǹgbò rẹ̀ mú kí fífà náà má baà dé ara. Èyí tó bá dì, bu páúdà sí i tàbí àdín díẹ̀, fi ìka là á sí méjì, sí mẹ́rin. Bí kò bá gbà, ti òòyà tí eyín rẹ̀ há bọ àárín awọ àti ìdì náà, kí o wá gé e lókè òòyà. Eyín òòyà ló máa gba awọ lọ́wọ́ abẹ. Ká ní mo mọ èyí nígbà náà ni, ajá yẹn ì bá má ní àpá lábẹ́ apá. Wo ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá, ọrùn, itan àti abẹ́ ìrù. Ibẹ̀ ni ìdì máa ń fara pamọ́ sí.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi wẹ̀ ẹ́, irú èyí tí o máa ń fi ọrùn ọwọ́ wò fún ìkókó. Fi òwú dí etí rẹ̀. Ọṣẹ ọmọdé ni kí o lò. Ọjọ́ méjì ni ojú rẹ̀ fi ṣomi nígbà tí mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Fi aṣọ ìnura tẹ omi náà gbẹ, má fi nù ún kíkankíkan, nítorí ìnùnù yẹn ló tún ń lọ́ irun pọ̀. Rí i pé ó gbẹ dé awọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Èékánná rẹ̀ dúdú, o ò lè rí ẹran inú rẹ̀, ṣónṣó nìkan ni kí o máa gé. Abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ńkọ́? Òkúta ń wọ ibẹ̀, máa yọ ọ́. Irun iwájú orí, fi rọ́bà dì í sókè bíi ṣùkú, kó lè máa rí ọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lójúmọ́, bí o kò bá jẹ́ kó di gbèsè. Ìyá rẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ka apá yìí sókè, ó ní mo ti di onídìrí ajá.

Bó bá ti mọ́ tán, gbé e lọ kí ìyá onílé rẹ, kí o sì tọrọ gáfárà.

Ní ti bàbá olóko, bá mi kí wọn, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Mo mọ oko Ìkòyí-Ilé. Èèmọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ wa níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló máa ti hun irun Tanímọ̀la mọ́ awọ, ẹni tó ń kọ ebè ò sì ní ráyè tú u. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi náà kì í ṣe èèyàn burúkú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀ yìí máa rẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìdúró wọ́ọ̀dù á mú kí o wo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí o rò nínú ọkàn rẹ pé aláìsàn ṣáà ni. Lọ́jọ́ náà, rántí ọwọ́ ìgbálẹ̀ bàbá rẹ.

Bí o bá wá gbìyànjú tó bá kọ̀, má fún olóko. Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá máa ń padà sí Ọ̀yọ́ láràárọ̀. Gbé Tanímọ̀la fún un nínú apẹ̀rẹ̀, kí o pè mí, màá ti wà ní gáréèjì. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí, mo ti gbé abẹ sílẹ̀, wọn kì í gbé ọmọ tuntun wá bá mi mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣì lè mú òòyà.

Ó ku ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Gbogbo ọmọ àdúgbò yìí, èmi ni mo fá orí wọn. Nígbà tí ọjọ́ méje tìrẹ pé, gbogbo ènìyàn pé jọ, mo pọ́n abẹ, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwùjẹ̀ rẹ, mo dúró. Mi ò lè gbé abẹ náà. Mo dúró títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Onígbàjámọ̀ mìíràn ni wọ́n lọ pè láti Akẹ̀sán láti wá fá orí ọmọ mi. Wọ́n ní ara mi ò yá. Ara mi yá. Ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi ló tóbi jù mí lọ.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbé ọwọ́ rẹ lé àyà ajá yẹn, kí o dúró. Ohun tí o bá gbọ́ níbẹ̀ ni mo gbọ́ lórí rẹ.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.